Ilé Wèrè Tí Ó Di Ilé Ìran



Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kò jọ èyí tí a máa ń sọ níbí. Àwọn ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú un wá. Àwọn ọmọ wọn sọ fún wọn pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn àwọn wèrè àtijọ́ kan tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé tí wọ́n ní òkú ń rìn kiri nínú rẹ̀ lóru, tí àwọn ènìyàn sì ń san owó láti wà níbẹ̀ mọ́jú. Ṣé kí àwọn ọmọ náà lọ ni, àbí kí wọ́n má lọ? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé tí ilé náà jẹ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìtàn ilé kan kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó bà á lẹ́rù níbẹ̀.

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Weston ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ọdún 1858, kò tíì sí ìpínlẹ̀ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ Virginia ni gbogbo agbègbè náà wà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, òkúta tí àwọn oníṣẹ́ fi ọwọ́ gbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò parí títí di 1881. Ogun abẹ́lé ni ó kọ́kọ́ dá a dúró. Ní 1861, àwọn ọmọ ogun láti Ohio wọ ìlú, wọ́n kó góòlù tí a fi pamọ́ sí báńkì fún iṣẹ́ ilé náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Wheeling, níbi tí wọ́n ti fi ran ìjọba tuntun lọ́wọ́, ìjọba tí ó bí ìpínlẹ̀ West Virginia ní 1863. Bẹ́ẹ̀ ni owó àwọn aláìsàn ṣe jẹ́ iṣẹ́ ìjọba kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ aláìsàn. Ní oṣù kẹwàá 1864 ni wọ́n gba àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ wọlé, wọn kò sì tó mẹ́wàá.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èrò tí ó kọ́ ilé náà, nítorí pé èrò rere ni. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó wà, inú túbú àti ilé àwọn òtòṣì ni wọ́n ń ti ọ̀pọ̀ alárùn ọpọlọ mọ́ ní Amẹ́ríkà. A de àwọn mìíràn mọ́ àjà-ilẹ̀, nínú òkùnkùn, láìsí aṣọ lọ́rùn wọn. Obìnrin olùkọ́ kan, Dorothea Dix, ni ó lọ káàkiri láti ibi kan dé ibòmíràn, tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, tí ó sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts ní 1843. Dókítà kan ní Philadelphia, Thomas Kirkbride, sì sọ pé ilé tí a bá fi aláìsàn sí gan-an lè jẹ́ apá kan nínú oògùn rẹ̀. Ó ní kí á kọ́ ilé ìwòsàn wọn bí ẹyẹ tí ó na ìyẹ́ méjèèjì, kí apá kan má baà dí òmíràn, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè wọ yàrá gbogbo. Kí oko àti ọgbà wà níta, kí aláìsàn lè rí ewéko, kí ó sì rí iṣẹ́ ṣe. Ó tún sọ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: kí aláìsàn inú ilé kan má ṣe ju 250 lọ. Lórí ìlànà yìí ni wọ́n kọ́ ilé Weston. Ibùsùn 250 ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ní 1880, kí wọ́n tó parí ilé náà pàápàá, ènìyàn 717 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1938 wọ́n di 1,661. Ní 1949 wọ́n ti ju 1,800 lọ. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tó 2,400. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé ilé tiyín ni: yàrá tí ẹ kọ́ fún ọmọ kan, kí àwọn mẹ́wàá máa sùn níbẹ̀, kì í ṣe fún ọjọ́ Iléyá tí àwọn ará ilé pọ̀, bí kò ṣe fún ọdún lórí ọdún. Ìwé ìròyìn Charleston Gazette kọ nípa rẹ̀ ní 1949 pé ibùsùn àti àga kò tó, pé iná kò tó, pé ohun amúlémóoru kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́tótó mẹ́hẹ. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó pinnu pé òun yóò sọ ilé ìwòsàn di àgọ́ ìyà. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ rí ilẹ̀kùn kan tí a lè ti ènìyàn gbà wọlé tí a kò sì ní gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́, ọwọ́ kò sì kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò ní 1938, wọ́n rí i pé kì í ṣe alárùn ọpọlọ nìkan ni ó wà níbẹ̀: àwọn ọ̀mùtí wà níbẹ̀, àwọn oníwárápá wà níbẹ̀, àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ wọn.

Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fi han àwọn àlejò, tí ó ka àwọn ohun tí a kọ sílẹ̀ pé ó fa wèrè àwọn tí a gbà láti 1864 títí dé 1889. Àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá kà á. Wọ́n kọ "ìbànújẹ́" síbẹ̀. Wọ́n kọ "wàhálà ilé". Wọ́n kọ "ogun". Wọ́n kọ "ọ̀lẹ". Wọ́n kọ ọ́ pé ẹṣin ta ẹnì kan ní ìpá ní orí. Wọ́n kọ "kíka ìwé ìtàn àròsọ", wọ́n sì kọ "ìtara ẹ̀sìn", èyí tí ó mú mi ronú pé, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni a bí wa sí ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jókòó síbí yìí, tí a ń dìde kírun ní ọ̀gànjọ́ òru, kì bá ti sí nílé lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a kà á lódìlódì. Kì í ṣe pé dókítà sọ pé ìwé kíkà jẹ́ àrùn. Ohun tí àwọn ará ilé rò pé ó fa àrùn náà ni ó wọ inú ìwé. Ọkọ sọ ti ìyàwó, bàbá sọ ti ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Èyí ni ó dùn mí jù nínú ìwé náà, kì í sì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà ni ti Walter Freeman. Dókítà ni ọkùnrin yìí, ó sì lókìkí. Ó gbà gbọ́ pé bí a bá gé àwọn okùn kan tí ó so iwájú ọpọlọ mọ́ ìyókù, ọkàn aláìsàn yóò rọlẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó dàbí èyí tí a fi ń fọ́ yìnyín ni ó ń lò; ó ń gbà á lókè ẹyinjú, ó ń fi òòlù gbá a wọ inú, ó sì ń yí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó ti parí. Ní 1952, ó lọ káàkiri àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ West Virginia, Weston sì wà lára wọn. Nínú bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ṣe é fún àwọn ènìyàn tí ó ju igba lọ. Àwọn kan rọlẹ̀ lóòótọ́. Àwọn kan di ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni: ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní 1949, wọ́n ti fún Egas Moniz, ará Potogí tí ó kọ́kọ́ gbé irú iṣẹ́ abẹ yìí jáde, ní ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tí oògùn tí a ń gbé mì dé ní àárín àwọn ọdún 1950 ni àwọn irin wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí padà sínú àpótí. Wọ́n ń pàtẹ irú wọn fún àwọn àlejò wò nísinsìnyí nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ilé Weston di títì ní oṣù karùn-ún 1994. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú, nítorí ilé náà ni ó ń bọ́ wọn, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ òrùlé. Ní oṣù kẹjọ 2007 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà lù ú ní gbàǹjo, ọkùnrin agbaṣẹ́ṣe kan sì rà á ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Ní 2008 ni wọ́n ṣí i fún àwọn àlejò. Ní ọ̀sán, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ènìyàn. Ní òru, wọ́n ń ta iwin. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni pé owó òru náà wà lára ohun tí ó ń tún òrùlé ṣe. Bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kí ilé náà ti wó, kí ìtàn gbogbo tí mo ń sọ yìí sì wó pẹ̀lú rẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n ṣe tí kò bá mi lára mu. Èkínní ni orúkọ. Láti ìgbà tí aláìsàn àkọ́kọ́ ti wọ ilé náà, ilé ìwòsàn ni orúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Láti 1913 ni ó sì ti ń jẹ́ Ilé Ìwòsàn Ìjọba ti Weston. Àwọn tí wọ́n rà á ni wọ́n lọ hú orúkọ tí a fẹ́ fún un kí a tó ṣí i jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé ìsémọ́ àwọn tí òṣùpá ń dà lórí rú, tí wọ́n sì gbé e kọ́ iwájú ilé: Trans-Allegheny Lunatic Asylum. Àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn alárùn ọpọlọ ké gbàjarè nígbà náà. A kò gbọ́ tiwọn.

Èkejì ni àwọn iwin fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Lily. Wọ́n kó ohun ìṣeré ọmọdé sínú yàrá kan, àwọn àlejò a yí bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọn a sì máa retí kí ọwọ́ tí a kò rí yí i padà. Ní oṣù kẹwàá 2009, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan gbé ẹ̀rọ wọn wọ ibẹ̀, wọ́n sì fi òru hàn gbogbo Amẹ́ríkà fún wákàtí méje gbáko.

Ẹ ó bi mí pé: ṣé irọ́ ni? A kò jiyàn pé àlùjọ̀nnú ń bẹ. Al-Qur'ān sọ fún wa pé ẹ̀dá Ọlọ́hun ni wọ́n, bí àwa náà ti jẹ́ ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n òkú tí ó ti wọ sàréè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti di ti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Kì í ṣe akúdàáyà tí yóò padà wá yí bọ́ọ̀lù fún ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí a bá mú ènìyàn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lóru, tí ọ̀dà ń ṣí kúrò lára ògiri, tí atẹ́gùn ń fọn láti ojú fèrèsé tí ó ti fọ́, tí a sì ti sọ ìtàn ẹlẹ́rù fún un kí ó tó wọlé, etí rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí a ti sọ fún un pé yóò gbọ́. Ẹni tí a ti kìlọ̀ ejò fún, okùn ni yóò kọ́kọ́ sá fún.

Kì í sì í ṣe irọ́ ibẹ̀ ni ó ká mi lára jù. Ohun tí ó ká mi lára ni pé iwin náà yí ẹ̀bi padà. Aláìsàn tí a há mọ́ yàrá, tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ lé lórí, tí a gbá irin mọ́ lójú, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára títí ó fi kú, òun ni ó wá di ẹni tí ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlejò yóò gbọ̀n rìrì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, yóò sì padà sílé láìbéèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ni ó fi ènìyàn 2,400 sínú ilé àwọn 250. Ìbẹ̀rù òru ni ó gba àyè ìbéèrè ọ̀sán.

Ó ṣeé ṣe kí á ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní ìlú Edirne ní ilẹ̀ Tọ́kì, Sùlútáànù Bayezid Kejì kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan sí etí odò Tunca, ó sì kọ́ ilé ìwòsàn mọ́ ọn, tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1488. Wọ́n ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn kan wà lábẹ́ òrùlé rìbìtì, omi ń sun ní àárín rẹ̀, àwọn olórin a sì wá kọrin fún àwọn aláìsàn. Evliya Çelebi, arìnrìn-àjò tí ó dé ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ilé náà wà títí di òní. Yunifásítì Trakya sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlera ní 1997, ó sì gba ẹ̀bùn ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 2004. Wọ́n gbé ère àwọn aláìsàn, oníṣègùn àti olórin sínú àwọn yàrá rẹ̀. Ohun tí a ṣe fún aláìsàn ni wọ́n fi ń pe àlejò wọlé.

Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn láti fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yangàn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a padà sílé kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa òṣùpá tí mo ní wọ́n gbé kọ́ iwájú ilé Weston, inú ìwé òfin Nàìjíríà ni òun náà wà láti ìgbà àwọn òyìnbó ní 1916, a tún un kọ ní 1958, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù kìíní 2023 tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Kì í ṣe ará Weston nìkan ni òṣùpá ràn lé lórí.

Ní oṣù kọkànlá 2019, ní Òjòó, ní Ìbàdàn tiwa yìí, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé kan tí àwọn ẹbí ti fi wọ́n síbẹ̀ pé kí àáfà tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn. Ní oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí ibi 28 tí wọ́n dé ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá: wọ́n rí aláìsàn tí a dè mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àáfà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn pọ̀ ju tiwa lọ. Gbogbo wa tí a ka hadísì ni a mọ̀ ọ́n pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí yóò fi padà bọ̀ sípò. A kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni a fi ń nà án? Bí a bá sì ní àlùjọ̀nnú ni ó wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn ta ni ọrẹ́ ń bà sí?

Ọ̀nà mìíràn wà nítòsí pẹ̀lú. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé àwọn wèrè ní Lántórò ní 1944. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú náà, dé ní 1954 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arọ̀, ibùsùn kò tíì tó. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé wọn. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, ní ìrọ̀lẹ́ wọn a padà sí abúlé láàárín àwọn tí ń roko, tí ń na ọjà, tí ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ilé ńlá Weston ń kún àkúnya, abúlé alámọ̀ ni wọ́n fi ń wo àrùn kan náà ní Arọ̀, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ gbogbo sì wá wò ó.

Ìdáhùn mi fún àwọn ìyá wa nìyí. Kí àwọn ọmọ lọ ní ọ̀sán. Kí wọ́n má lọ ní òru. Kì í ṣe nítorí iwin, bí kò ṣe nítorí pé wọn kì í fi àìsàn ẹlòmíràn ṣe eré ní ilé wa. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n ka iye ibùsùn tí ó lè wọ yàrá kan. Kí wọ́n wo bí fèrèsé ti pọ̀ tó, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó yàwòrán ilé náà ní àánú lójú. Kí wọ́n ka ìwé àwọn ohun tí ó fa wèrè láìrẹ́rìn-ín. Ibojì àwọn tí ó kú sínú ilé náà sì wà lórí òkè lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ kankan lórí. Kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀nà ibẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń mú wọn kiri, kí wọ́n tó béèrè yàrá Lily.